Ẹ̀kọ́ fún Ìdàpọ̀ Àwọn Obìnrin: Ọmọ Ọlọ́mọ àti Iná Ìdáná Wa

Ibi kíkà: Deuteronomi 22:8

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tó dá iná ni yóò ṣe ààlà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé láti ṣọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta yìí kò jìnnà sí wa. Ilé ìdáná wa ló wà.

Láyé Mósè, òrùlé pẹrẹsẹ ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń kọ́. Wọ́n máa ń gòkè lọ síbẹ̀ láti gba atẹ́gùn àti láti sá nǹkan sí oòrùn. Òfin Ọlọ́run ni pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi yí etí òrùlé náà ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má sì wà lọ́rùn onílé. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo òfin yìí. Ọlọ́run kò ní kí àlejò máa ṣọ́ra. Onílé ló bá sọ̀rọ̀. Kò sì ní kí onílé jókòó síbẹ̀ kó máa pariwo pé, “Ẹ má sún mọ́ etí o!” Odi ló ní kó mọ.

Ní Ìyànà-Ìbà, Ìbà, Okokomaiko àti Ọ̀jọ́, ọ̀pọ̀ wa ló ń bá ènìyàn tọ́jú ọmọ nínú ilé. Ìyá kan ń tajà ní ọjà Ìyànà-Ìbà, èkejì ń lọ sí Alaba, ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ tàbí ń kàwé ní LASU. Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Badagry, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n fi ń gbé ọmọ wọn fún wa. Ní wákàtí yẹn gan-an ni igi ń jó lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà tí a fẹ́ tà, tí epo àkàrà sì ń hó. Kì í ṣe gbogbo wa ló ní gáàsì, àwọn mìíràn tó sì ti ní in tẹ́lẹ̀ ti padà sí èédú àti igi nítorí owó. Iná àti ọmọ ọlọ́mọ wá pàdé nínú àgbàlá kan náà.

1. Kí ló dé tí ìkìlọ̀ nìkan kò tó?

Àwọn àgbà ní ọmọ iná là á rán sí iná. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe ọmọ iná. Ọwọ́ ni ọmọ ọdún kan tàbí méjì fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó bá ń tàn ni yóò nawọ́ sí. Bí a bá kìlọ̀ fún un láàárọ̀, yóò ti gbàgbé kó tó di ìyálẹ̀ta. Ẹ wá rántí pé awọ ara ọmọdé fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Omi tí àgbà yóò kàn fa ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ lè bó ọmọ lára.

Ohun tó sì ń jó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jù kì í ṣe ọwọ́ iná. Ohun gbígbóná tó ń ṣàn ni: omi, ọbẹ̀, ẹ̀kọ, epo. Ọmọ fa etí ìkòkò, tàbí ó fa ìró wa nígbà tí a gbé ìkòkò lọ́wọ́, tàbí ó fi ẹ̀yìn rìn ṣubú sínú ìkòkò tí a sọ kalẹ̀. Eérú pẹ̀lú ń tanni jẹ: òkè rẹ̀ tutù, ẹ̀yinná wà nísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

2. Ààlà mẹ́ta

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Iná àti ọmọ nílò ààlà ju oko lọ.

(a) Ààlà ibi. Bí ààrò bá wà lẹ́yìnkùlé, kí a fi búlọ́ọ̀kù, pákó tàbí irin ṣe ọgbà yí i ká, kó ga kọjá àyà ọmọ, kó sì ní ìlẹ̀kùn tí ọmọ kò lè ṣí. Kí àyè tó wà láàárín ìkòkò àti ọgbà náà tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ọwọ́ má baà nà dé ibẹ̀. Okùn kì í ṣe ọgbà. Bẹ́ǹṣì náà kì í ṣe ọgbà, nítorí ọmọ yóò gùn ún. Kí a má jẹ́ kí igi ìdáná yọ gùdù sójú ọ̀nà, nítorí ẹni tó bá kọsẹ̀ lára rẹ̀ yóò da ìkòkò nù. Bí ó bá jẹ́ ilé oníyàrá púpọ̀ tí oníkálùkù ti ń dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rọrùn láti ṣe ọgbà fún ọmọ ju kí a ṣe é fún iná lọ: kí a fi pákó ṣe ìlẹ̀kùn àbọ̀ sẹ́nu yàrá wọn, tí yóò dá wọn dúró tí a ó sì máa rí wọn.

Kí yàrá wọn má ṣe wà níbi tí èéfín ń fẹ́ sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi yé wa pé èéfín igi àti èédú wà lára ohun tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké. Bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, ẹ má gbé àdògán èédú wọ yàrá tí ọmọ ń sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ṣeé rí, kò sì ní òórùn, ó sì ń pani lójú oorun.

Kẹrosíìnì kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ìgò omi. Ẹ sì rántí ọdún 2001, tí kẹrosíìnì àdàlù jó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀ ni kí a ti rà á. Kí a má bu ú sínú sítóòfù tí iná wà lórí rẹ̀.

(b) Ààlà àkókò. Bí kò bá sí àyè fún ọgbà, kí a fi agogo ṣe ọgbà. Kí àkàrà àti ẹ̀wà ti jinná kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé. Kí oúnjẹ àwọn ọmọ wà nínú kúlà, kí omi gbígbóná wà nínú fíláàsì níbi tó ga. Kí a da omi sí ẹ̀yinná àti eérú títí tí kò fi ní ṣe ṣíṣì mọ́.

(d) Ààlà ẹni. Ẹni tó ń dáná kì í tọ́jú ọmọ. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ kì í dáná. Pípọn ọmọ sẹ́yìn nídìí epo gbígbóná kì í ṣe ààlà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí a ní kó máa wo àwọn àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ẹni kejì. Ọmọdé lòun náà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ilé tí John Wesley ti jáde wá. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1709, iná mú ilé wọn ní Epworth, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni John. Baba àti ìyá wà nílé, olùtọ́jú ọmọ náà wà. Olùtọ́jú gbé Charles tó kéré jù, ó ní kí àwọn yòókù tẹ̀ lé òun. John kò jí. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀, àtẹ̀gùn ti ń jó. Ọkùnrin kan ló gun èjìká ẹlòmíràn tó fà á yọ lójú fèrèsé, kò pẹ́ tí òrùlé fi wó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ilé tó kún fún àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọmọ kan sínú iná. Nítorí náà, kí a máa ka àwọn ọmọ: nígbà tí wọ́n bá dé, kí a tó dáná, lẹ́yìn tí a bá dáná tán. Kí ẹnu ọ̀nà méjèèjì sì ṣí sílẹ̀ láìsí ẹrù.

3. Bí iná bá jó ọmọ

Kí a kọ́kọ́ gbé e kúrò nídìí iná. Kí a bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara. Kí a máa da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe omi dídì. Kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí a sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ẹyin, ògì, epo pupa, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ má sì bẹ́ ìléròrò rẹ̀. Nọ́ńbà 767 tàbí 112 ni a ń pè ní Èkó fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì. Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Kí a pe ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí a má dúró di ìrọ̀lẹ́.

4. Ọ̀rọ̀ tó le

A mọ̀ pé owó tí a ń gbà lórí ọmọ ni a fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tiwa. A kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọgbà, tí àkókò kò gbà, tí kò sì sí ẹni kejì, ohun méjì ló kù: kí a gbé iná ọjà kúrò nílé, tàbí kí a má gba ọmọ. Ìyá tó ń béèrè lọ́wọ́ wa pé, “Mọ́mì, níbo lẹ ti ń dáná?” kò rí wa fín. Kí a mú un lọ síbẹ̀ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni Ọlọ́run bá wí nínú Deuteronomi 22:8, kí sì ni ó ní kó ṣe?
2. Nínú ààlà mẹ́ta yìí, èwo ni ó ṣòro jù ní àdúgbò wa? Báwo ni a ṣe lè ran ara wa lọ́wọ́?
3. Kí ni a ti ń fi sí ojú iná tí a gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí a tó tún pàdé, kí arábìnrin méjì-méjì bẹ ara wọn wò nílé, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn ìdí ààrò. Níbi tí owó pákó bá ti wọ́n arábìnrin kan, kí kíláàsì rẹ̀ dá a fún un.

Kí Olúwa kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ tí a fi sí wa lọ́wọ́. Àmín.