Ìwé Kejì

Ọmọ mi,

O ní o parí ìwé àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tí o dáwọ́ lé, àmọ́ láti oṣù mẹ́rin báyìí, ìwé kejì kò kúrò ní orí kejì, ìjókòó sídìí tábìlì sì ti wá sú ọ. Má rò pé ẹ̀bùn rẹ ti tán. Ìtara a máa gbé ènìyàn dé òpin ìwé àkọ́kọ́. Ìwé kejì ń fẹ́ ohun mìíràn.

Wo Fágúnwà. Ọdún 1938 ni ìwé ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Igbó Olódùmarè di 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje di 1954. Oṣù mẹ́rin tìrẹ kò tó ohun à ń sunkún sí. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí o fojú sí gan-an nìyí: nínú ìwé àkọ́kọ́, Àkàrà-ògùn, akọni ìtàn náà, ti sọ fún wa pé ọdẹ ni bàbá òun. Nígbà tí ìwé kejì yóò dé, Fágúnwà padà sídìí ọ̀rọ̀ yẹn, ó fa bàbá náà jáde, Olówó-ayé sì di akọni odindi ìwé.

Nítorí náà, mú ìwé àkọ́kọ́ rẹ, kí o kà á bí ẹni tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Fi bírò àti ìwé ìkọ̀wé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbèsè tí ẹnìkan jẹ tí kò tíì san, ẹni tó jáde tí o kò sọ ibi tó gbà lọ, lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé kejì wà.

Ìwé ìkọ̀wé yẹn á tún gbà ọ́ lọ́wọ́ ohun tó ṣe mí. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́, ìyá kan ní àpá iná ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Nínú ìkejì, mo gbé àpá náà sí ọ̀tún. Ọmọdébìnrin kan wá bá mi nílé, ó ṣí ìwé méjèèjì lé mi lórí itan, ó ní, "Bàbá, èwo ni ká gbà gbọ́?" N kò rí èsì fún un. Ó ti fẹ́ràn ìyá náà, èmi tí mo dá a sílẹ̀ kò sì rántí ojú rẹ̀. Ó dùn mí títí di òní.

Ní ti ojoojúmọ́, ojú ewé kan tó. Ṣùgbọ́n wá ẹni tí yóò máa retí rẹ̀. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá, obìnrin inú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn náà sì ń jáde títí wọ 1930. Ìwé ìròyìn kì í dúró de ìgbà tó bá wu òǹkọ̀wé. Ìwọ náà, mú ọ̀rẹ́ kan, kí o máa ka ohun tí o kọ láàárín ọ̀sẹ̀ sí i létí lórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé. Bó bá béèrè pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?", wàá rí i bí ẹsẹ̀ rẹ yóò ṣe yá sídìí tábìlì lọ́jọ́ Ajé.

Má sì kọ ọ́ títí tí ọ̀rọ̀ á fi gbẹ. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn nínú ìtàn rẹ, tí o sì ti mọ ohun tó fẹ́ wá sọ, dáwọ́ dúró níbẹ̀. Fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí o lọ sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, òun ni wàá kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún.