Ẹ̀KỌ́ T'OṢÙ YÌÍ: Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga, àti Ohun Tí Ìyá Rẹ̀ Lè Béèrè

  Ẹ̀kọ́ t'oṣù yìí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n tàbí ti gbèsè, ti ọmọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé yìí di àkàrà kí ẹ tó kà á tán.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlà elélùbọ́ mọ ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó s'ẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà ọlidé, tó ń to kọ́ńgò láti kékeré dé ńlá. Kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Bí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta oògùn bá ń kọjá, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á máa mi ara síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní òun ò jẹ gbèsè, ọmọ yìí á sọ ọjọ́ tó ra ọjà, iye kọ́ńgò tó gbé, àti aṣọ tó wọ̀ l'ọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọwọ́ ayé ni, pé kí ó gbé e lọ sí ilé àdúrà. Mo ti tọrọ àforíjì l'ọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún ń tọrọ rẹ̀ níhìn-ín l'ójú gbogbo ọjà.

Ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Ní 1943, dókítà kan l'Amẹ́ríkà, Leo Kanner, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọ báyìí, láti ìgbà náà sì ni ayé ìṣègùn ti ń lo orúkọ yìí fún un. Kì í ṣe wèrè, kì í ràn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Bí ọpọlọ wọn ṣe ń gba ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ni kò bá tiwa dọ́gba. Ó ti wà l'ára wọn láti kékeré, wọn á sì bá a dàgbà. Ó wà nínú wọn tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá, ó wà nínú wọn tó máa gba oyè yunifásítì. Gbogbo wọn kọ́ ló sì ní irú orí gbèsè tí ọmọ elélùbọ́ ní o, kí ẹ má lọ máa dán ọmọ olómọ wò.

Ọmọ yìí yege, ó wọ Pólì. Ní sáà àkọ́kọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, wọ́n yí gbọ̀ngàn padà láì sọ tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n kó wọn lọ, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ náà di etí, ó ń mi ara, kò lè kọ nǹkan kan. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá gba ìwé l'ọ́wọ́ rẹ̀, ó lé e jáde. Ìyá rẹ̀ wá bá wa ní ìpàdé pẹ̀lú omi l'ójú, ó ní òun ó mú un kúrò, kí ó kúkú wá máa bá òun ta èlùbọ́. L'ọ́jà! Níbi tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá ti ń ké, tí oníwàásù ń ké, tí ọlọ́kadà ń fọn fèrè.

Ìyálọ́jà ní kí èmi àti akápò bá a lọ s'ílé-ìwé. Ẹ gbọ́ bí a ti ṣe é, torí pé a kọ́kọ́ ṣe é bàjẹ́ ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, a kúnlẹ̀ l'ọ́fíìsì, à ń bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé kan sọ fún wa pé ibi tí wọ́n ń kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe Pólì. Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí l'ára ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó fún wa l'ága, ó wá bi wá pé, "Ẹ̀yin màmá, kí gan-an lẹ fẹ́ kí á ṣe fún un?" A ń wo ojú ara wa. Àwa tí a ti mọ iye tí a máa gbà kí oníbàárà tó la ẹnu, a dé ọjà ẹlòmíì, a ò mọ ohun tí a wá rà.

Ìyàwó àbúrò mi ló là wá l'ójú. Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba àpapọ̀ dá s'ílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977 fún ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti bi ọmọ náà fúnra rẹ̀?" Kò sí ẹni tó bi í. A fún un ní bébà, ó wọ yàrá lọ. Ó tó wákàtí méjì kó tó jáde. Nǹkan mẹ́rin ló kọ, ó fi rúlà fa ìlà s'ábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní kí wọ́n sọ ibi tí ìdánwò máa wà fún òun ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí òun lè lọ wo ibẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní àga ẹ̀bá ògiri tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun fi òwú di etí. Ó ní kí wọ́n fi àkókò díẹ̀ kún ti òun. Ẹ̀kẹrin pa wá l'ẹ́rìn-ín kí ó tó pa wá l'ẹ́kún. Ó ní kí olùkọ́ máa sọ ohun tó ní l'ọ́kàn gan-an, kí ó sì kọ ọ́ s'ílẹ̀ fún òun. Àṣé olùkọ́ kan ló ti bínú sí kíláàsì pé, "Bí ẹ ò bá ṣe tán láti kàwé, ẹ má wá sí kíláàsì mi mọ́." Àwọn yòókù padà wá l'ọ́jọ́ kejì. Tiwa jókòó, ó ro ara rẹ̀ wò, ó rí i pé òun ò tíì ṣe tán, kò sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìsáǹsá ni wọ́n kọ s'íwájú orúkọ rẹ̀.

Ẹ ṣírò iye tí nǹkan mẹ́rin yẹn máa ná ilé-ìwé. Àfi ẹni tó máa jókòó ṣọ́ ọ fún àkókò tí wọ́n bá fi kún un.

Ó wá ku òfin, torí ẹ̀tọ́ ni a ń bá kiri, kì í ṣe àánú. Òfin ìjọba àpapọ̀ wà tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Òfin 2018 ni wọ́n ń pè é, Ààrẹ Muhammadu Buhari ló sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2019. Kì í ṣe afọ́jú àti arọ nìkan ni òfin náà wà fún, ó kan ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ pẹ̀lú. Abala 17 ní ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: girama ni ọ̀fẹ́ náà dúró sí, owó Pólì ṣì wà l'ọ́rùn wa. Abala 18 ló kan Pólì. Ó ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba, títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbọ́dọ̀ gbà wọ́n mọ́ra, kí wọ́n sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ láti bójútó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, 1,000,000 náírà ni. Ní Èkó, òfin tiwọn ti wà láti 2011, ọ́fíìsì tí wọ́n sì ń pè ní LASODA ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò tíì ṣe JAMB, ẹ mọ̀ pé láti 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún ìdánwò àwọn àkàndá ẹ̀dá. Àwọn afọ́jú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá fi àwọn mìíràn kún un, àwọn tó ní ọ́tísíìmù náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń gba fọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti sọ ọ́, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

Ní ọjọ́ kẹta, a ò kúnlẹ̀ mọ́. A kí wọn dáadáa bí ọmọlúàbí, a sì gbé lẹ́tà kalẹ̀. Ohun mẹ́rin tí ọmọ náà kọ wà nínú rẹ̀, abala 18 wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ wa wà l'ókè. Ẹ̀dà méjì ni a mú lọ, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan fún wa, òun ni a mú bọ̀. Ẹ má fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan láìsí ẹ̀dà olóǹtẹ̀ l'ọ́wọ́ yín. Wọ́n gba ti ibi ìdánwò àti ti àga l'ójú ẹsẹ̀. Ti àkókò, wọ́n ní kí a mú ìwé dókítà wá, ìyá rẹ̀ sì pààrà ilé ìwòsàn ìjọba fún oṣù méjì kí ó tó rí i gbà. Nítorí náà, ẹ tètè wá ìwé dókítà, kí ọmọ tó wọlé rárá. Ti kíkọ ọ̀rọ̀ s'ílẹ̀, àwọn olùkọ́ kan ń ṣe é, ọ̀kan ṣì kọ̀ títí di òní. Ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ kan ló ń bá a kọ ohun tí olùkọ́ yẹn bá sọ, tó sì ń sọ fún un bí wọ́n bá yí àkókò padà. Ìyá elélùbọ́ kì í gba owó èlùbọ́ l'ọ́wọ́ ọmọ náà mọ́.

Ó tún ìdánwò tí wọ́n lé e jáde ṣe l'ọ́dún kejì, ó sì yege. Àwọn iṣẹ́ méjì míì ṣì kù tó gbọ́dọ̀ tún ṣe.

Ẹ̀dà lẹ́tà náà wà nínú fáìlì ẹgbẹ́ l'ọ́dọ̀ mi, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá wà ní irú ipò yìí, kí ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù l'ẹ́yìn ìpàdé. Owó fọ́tókọ́pì nìkan lẹ máa san. Kí ó sì mú ọmọ náà dání, torí òun ni a máa kọ́kọ́ bi.