Fáìlì Tí A Kò Rí àti Fáìlì Tí Kò Ṣeé Pa Rẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní kọ̀ǹpútà ògbólógbòó nílé, tí a fi ń kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti máàkì àwọn ọmọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí ń lo Windows XP. Ọdún 2001 ni ó jáde, ilé-iṣẹ́ Microsoft sì dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ ní ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2014. Nítorí náà kò yẹ kí a so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ a máa dààmú ẹni ní ọ̀nà méjì: fáìlì tí a fẹ́ a di àwátì, èyí tí a kò fẹ́ a sì kọ̀ láti kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí kọ̀ǹpútà ti ń tọ́jú fáìlì. Orúkọ fáìlì wà ní ibì kan lórí díìsìkì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wà ní ibòmíràn. Ó dàbí rẹ́jísítà tí a fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ: orúkọ ọmọ wà nínú ìwé lórí tábìlì olùkọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà fúnra rẹ̀ jókòó lórí àga. Nígbà tí a bá pa fáìlì rẹ́, orúkọ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń fagi lé. Kì í lé ọmọ dìde lórí àga. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè ibẹ̀ ṣófo, ó sì parí. Ọ̀rọ̀ náà yóò wà níbẹ̀ títí fáìlì mìíràn yóò fi wá jókòó lé e lórí. Ìgbà náà ni ó tó parun ní tòótọ́.

Àìmọ èyí ni ó pa mí lára. Mo ti tẹ ìtàn ìdílé wa, tí bàbá mi àgbà sọ fún mi kí wọ́n tó papò dà, sínú kọ̀ǹpútà ilé wa. Ojú ewé 14 ni, n kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Ní ọjọ́ kan mo pa fódà kan rẹ́ láì yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì da ohun tí ó wà nínú Recycle Bin nù. Nígbà tí ojú mi là, mo fi ìkánjú gbé ètò tí ń wá fáìlì padà sórí díìsìkì kan náà. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni ó lọ jókòó sí àyè ìtàn wa. Ojú ewé 5 péré ni mo rí gbà padà. Ẹni tí ì bá tún ìyókù sọ kò sì sí mọ́.

I. Bí a kò bá rí fáìlì

Èkíní, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má kọ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà náà, ẹ má sì gbé ètò tuntun lé e, nítorí ohun gbogbo tí ó bá wọlé ń wá àyè tí yóò jókòó sí.

Èkejì, ẹ wá a dáradára. Ẹ tẹ Start, lẹ́yìn náà Search, kí ẹ sì mú «All files and folders». Bí ẹ bá ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tí ó wà nínú rẹ̀ wá a. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fáìlì kò sọnù rárá. Inú fódà mìíràn ni a tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo inú Recycle Bin. Ṣùgbọ́n fáìlì tí a pa rẹ́ lórí flash, tàbí èyí tí a fi Shift àti Delete pa rẹ́, kì í dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ó lè jẹ́ pé ó fara pamọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì tí ń gba ara flash wọlé a máa fi fódà pamọ́, a sì fi ayédèrú rọ́pò wọn. Ẹ má ṣe tẹ ayédèrú náà. Bí lẹ́tà flash yín bá jẹ́ E, ẹ ṣí Command Prompt kí ẹ sì kọ:

attrib -r -h -s /s /d E:\*.*

Àwọn fódà yín yóò tún hàn. Kí ẹ wá lé fáírọ́ọ̀sì náà jáde.

Ẹ̀karùn-ún, bí gbogbo èyí kò bá ṣe é, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ díìsìkì rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Láti ibẹ̀ ni kí ètò tí ń wá fáìlì ti ṣiṣẹ́, orí díìsìkì mìíràn ni kí ó sì kó ohun tí ó bá rí sí. Bí díìsìkì bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ má tàn án mọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà.

II. Bí fáìlì kò bá ṣeé pa rẹ́

Níhìn-ín, a fẹ́ fagi lé orúkọ, ṣùgbọ́n ohun kan di ọmọ náà mú.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò kan ni ó ń lò ó lọ́wọ́. Ẹ ti gbogbo ètò pa, tàbí kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá gbọ́, ẹ máa tẹ F8 kí àmì Windows tó hàn, kí ẹ sì mú Safe Mode, níbi tí ètò díẹ̀ péré ti ń ṣiṣẹ́. Windows XP fúnra rẹ̀ a máa di fídíò AVI mú nígbà tí ó bá ń ka inú rẹ̀.

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà a wí pé «Access is denied», nítorí ẹlòmíràn ni ó ni fáìlì náà. Nínú Safe Mode, ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí Administrator, ẹ ṣí Properties fáìlì náà, kí ẹ ti ibi Security dé Advanced àti Owner, kí ẹ sì gba ìní rẹ̀.

Ó sì lè jẹ́ pé orúkọ ni ó gùn jù. Orúkọ fáìlì, pẹ̀lú ti gbogbo fódà tí ó wà nínú wọn, kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí lẹ́tà 260 lọ. Ẹ gé orúkọ àwọn fódà náà kúrú, yóò sì gbọ́.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: àwọn kan wà tí kò yẹ kí a pa rẹ́. Bí àpẹẹrẹ, pagefile.sys ni Windows fi ń ran ìrántí ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, olùkọ́ rere kì í na ọmọ tí kò dáhùn kí ó tó bèèrè ìdí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a ṣe sí kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwé tí ó bá ṣọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí flash, kí a sì ní òmíràn lórí bébà. Ibi tí mo ti kùnà nìyẹn. Kí ó má ṣe jẹ́ ibi tí ẹ̀yin náà yóò ti kùnà.