Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àgbẹ̀, Gbẹ́ àti Gbẹ ní Punjab

Ẹ ka àkọlé ẹ̀kọ́ yìí sókè kí ẹ tó máa bá a lọ. Ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta èdè Yorùbá ló wà nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko. Ohùn ìsàlẹ̀ ló parí rẹ̀. Tí èèyàn bá walẹ̀ títí ó fi kan omi, a ní ó gbẹ́ kànga. Ohùn òkè nìyẹn. Tí omi inú kànga náà bá tán, a ní kànga gbẹ. Ohùn àárín ni, a kì í fi àmì kankan sí i lórí. Ẹ má fi àmì ohùn ṣeré nínú àkàyé yìí, torí pé bí gbẹ́ ṣe di gbẹ gan-an ni ìtàn tó wà nínú rẹ̀.

Punjab wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ó bá Pakistan pààlà. Láti inú èdè Páṣíà ni orúkọ náà ti wá: panj ni márùn-ún, āb ni omi. Ilẹ̀ olódò márùn-ún ni. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní 1947, wọ́n pín agbègbè náà láàárín Íńdíà àti Pakistan. Mẹ́ta nínú odò wọ̀nyẹn ló kan Punjab ti Íńdíà lónìí: Ravi, Beas àti Sutlej. Ìpínlẹ̀ kékeré ni, kò tó 2 nínú 100 ilẹ̀ Íńdíà, síbẹ̀ púpọ̀ nínú àlìkámà àti ìrẹsì tí ìjọba ń pín fún àwọn tálákà ibẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ̀yin tó ń kàwé ní Britain tàbí Kánádà, ó ṣeé ṣe kí òbí àgbà ẹnì kan nínú kíláàsì yín ti Punjab wá. Ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ nílé. Àfàìmọ̀ ni kò ní dárúkọ roti, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe.

Ohun tó yẹ kó yà yín lẹ́nu nìyí. Àwọn tó ń jẹ àlìkámà ni wọ́n ń gbin ìrẹsì, ní ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò pọ̀. Ní nǹkan bí 1960, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ìrẹsì sí ní Punjab kò tó hẹ́kítà 250,000. Lónìí ó ti tó mílíọ̀nù 3.

Ọ̀dá dá ní Íńdíà ní 1965, ó sì tún dá ní 1966. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó àlìkámà wá láti Amẹ́ríkà kí ebi má baà pa àwọn èèyàn. Ní 1966, ìjọba ra tọ́ọ̀nù 18,000 irúgbìn àlìkámà láti Mẹ́síkò, irú èyí tí Norman Borlaug àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú jáde. M. S. Swaminathan, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Íńdíà, wà lára àwọn tó dán an wò tí wọ́n sì jà fún un. Àlìkámà àtijọ́ ga. Bí wọ́n bá fún un ní ajílẹ̀ púpọ̀, orí rẹ̀ á wúwo, á sì wó lulẹ̀. Èyí tuntun kúrú, ó sì lè dúró. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ omi, ó sì fẹ́ ajílẹ̀. Láàárín ọdún márùn-ún, àlìkámà tí Íńdíà ń kórè kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 12, ó di mílíọ̀nù 20. Kò pẹ́ tí ìrẹsì náà fi gba ọ̀nà kan náà.

Irúgbìn nìkan kọ́ o. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ yìí: onígbọ̀wọ́. Òun ni ẹni tó dúró fún ẹlòmíràn pé bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, òun ni kí wọ́n mú. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ìjọba Íńdíà sọ ara rẹ̀ di onígbọ̀wọ́ àgbẹ̀. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó gbìn, ìjọba á kéde iye tí kò ní jẹ́ kí ọjà já wálẹ̀ kọjá. Bí àwọn oníṣòwò kò bá san tó bẹ́ẹ̀, ìjọba á ra ọjà náà fúnra rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ń kéde iye wọn lé ní 20. Àmọ́ méjì ni ìjọba ń rà lọ́pọ̀ yanturu: àlìkámà àti ìrẹsì. Ẹni tó gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà lè gbọ́ iye lórí rédíò, kó má sì rí ẹni tó máa san án. Kí lẹ rò pé àgbẹ̀ tó ní ọmọ nílé ìwé máa gbìn?

Ó dùn mọ́ mi láti fi èyí wé kòkó ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Níbẹ̀ náà, ìgbìmọ̀ ìjọba ló ń dá iye lé kòkó láti ọdún 1947 títí di 1986, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, ìjọba á sì fi èyí tó ṣẹ́ kù ṣe ohun tó wù ú. Iṣẹ́ tó jọra ni àwọn ìjọba méjèèjì ń ṣe. Ibi tí èrè ń bọ́ sí ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà pọ̀. Alájàpá ń fi owó ara rẹ̀ ra irè oko kiri, á sì lọ tà á níbòmíràn. Alágbàtà dúró láàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, èrè rẹ̀ sì wà lórí ọjà tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní àwọn ọjà ńlá Punjab, alágbàtà, tí wọ́n ń pè ní arhtiya, tún jẹ́ ẹni tó ń yáni lówó. Bí ọmọ àgbẹ̀ bá ń ṣègbéyàwó, bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń sáré lọ. Owó ọ̀hún máa ń ní èlé lórí, nígbà ìkórè ni wọ́n sì máa ń yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí omi. Ìrẹsì fẹ́ kí omi dúró sí ìdí òun. Odò àti òjò kò tó, ni wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Láti 1997, iná mànàmáná fún ẹ̀rọ omi oko di ọ̀fẹ́ ní Punjab. Yàtọ̀ sí àkókò díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di òní. Ẹni tí kì í sanwó iná kò ní ìdí láti pa ẹ̀rọ. Lónìí, fún gbogbo lítà 100 tó ń padà sínú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń fà jáde ju 150 lọ. Yorùbá ní omi téèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Ti Punjab kò ṣàn kọjá o, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀rọ tó bá jókòó sórí ilẹ̀ kò lè fa omi tó bá jìn ju nǹkan bíi mítà 8 lọ. Nígbà tí omi sá kọjá ibẹ̀, àgbẹ̀ ní láti ra irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, owó rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ẹni tó lówó gbẹ́ tirẹ̀ jìn sí i. Ti aládùúgbò rẹ̀ gbẹ. Aládùúgbò náà wá lọ yá owó.

Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣòfin. Kí òfin tó dé, àwọn kan máa ń tú ọ̀gbìn ìrẹsì láti ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín sí lọ sínú oko láti oṣù karùn-ún, nígbà tí oòrùn ń mú gan-an tí òjò ńlá kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà. Òfin tó bọ́gbọ́n mu ni, lójú tèmi, ó sì dá omi sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sún síwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ á sún síwájú ní ìparí. Ìrẹsì wá ń pọ́n ní oṣù kẹwàá, àlìkámà sì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kó tó di nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló kù láàárín wọn. Ẹ̀rọ ìkórè á gé orí ìrẹsì lọ, á sì fi pòpórò rẹ̀ sílẹ̀ lóòró. Pòpórò àlìkámà, màlúù ń jẹ ẹ́ dáadáa. Ti ìrẹsì le koko, kì í wù wọ́n. Ìṣáná kò wọ́n. Wọ́n dáná sun ún.

Èéfín náà ń bá afẹ́fẹ́ lọ sí Delhi, ó sì ń dara pọ̀ mọ́ èéfín mọ́tò àti ti ilé iṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìṣe méjì: iná ló ń jó oko, èèyàn ló ń sun ún. Ní Delhi, èyí kejì ni wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Happy Seeder, tó ń gbin àlìkámà sáàárín pòpórò láìsí pé wọ́n sun ún. Ẹ̀rọ gidi ni. Owó rẹ̀ ga, katakata alágbára ló sì ń fà á.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin mẹ́ta lórí ọjà irè oko ní 2020, àwọn àgbẹ̀ Punjab bẹ̀rù pé onígbọ̀wọ́ wọn fẹ́ fẹsẹ̀ fẹ. Wọ́n wa katakata dé ẹnu ibodè Delhi, wọ́n sì sùn síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, nínú òtútù àti nínú ooru, títí ìjọba fi wọ́gi lé òfin náà ní oṣù kọkànlá 2021. Àwọn kan bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń jà fún ètò tó ń gbẹ kànga wọn. Mo rò pé àwọn tó bèèrè kò tíì jẹ gbèsè rí.

Iṣẹ́ ṣíṣe. Ẹ fi gbólóhùn kíkún ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó ń jẹ roti fi ń gbin ìrẹsì. Ẹ wá ibi mẹ́ta tí gbẹ́ tàbí gbẹ ti jáde nínú àkàyé yìí, kí ẹ kà wọ́n sókè fún ẹnì kejì yín, kó sọ èyí tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ jẹ́ àgbẹ̀ kan ní Punjab tí ọmọ rẹ̀ ń gbé Delhi. Ọmọ náà pè yín lórí fóònù, ó ń húkọ́, ó ní kí ló dé tí ẹ tún dáná sun oko lọ́dún yìí. Ẹ kọ èsì yín ní ọ̀rọ̀ 150, kí ẹ sì lo alágbàtà, gbèsè àti pòpórò nínú rẹ̀.