Koríko Orí Omi Di Tákàdá

Ẹ wo ọ̀sà Àjàṣẹ́ nígbà òjò. Koríko kan bo ojú omi. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, òdòdó rẹ̀ sì dára. Ní èdè Faransé, a ń pè é ní jacinthe d'eau. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá.

Àwọn apẹja kò fẹ́ rí i. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀. Àwọ̀n ń há sínú rẹ̀. Tí bàbá kò bá rí ẹja pa, kí ni ìyá yóò tà lọ́jà? Owó ìwé ọmọ ńkọ́?

“Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé koríko yìí kò wúlò rárá ni?”

Ó wúlò. A lè fi ṣe tákàdá, ìyẹn ìwé tí a kò tíì kọ nǹkan sí.

Ẹ má ṣe dá lọ sí etí ọ̀sà o! Àgbàlagbà tó mọ ọkọ̀ wà ni yóò fà á wá fún yín. Ẹ̀yin, ẹ jókòó sórí ilẹ̀, kí ẹ gé gbòǹgbò àti ewé rẹ̀ kúrò. Ọ̀pá ewé ni a ń fẹ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu àti Sábẹ̀, tí kò ní ọ̀sà nítòsí, ẹ lè lo eèkan tàbí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti gé èso rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra, etí eèkan mú. Ẹ yẹra fún wèrèpè àti èsìsì! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n yóò họra dáadáa.

Ẹ gé koríko náà wẹ́wẹ́. Àgbàlagbà yóò sè é nínú omi eérú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Irú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú ni. Ó ń jẹ ọwọ́, ẹ̀yin ọmọ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Tí koríko bá ti rọ̀, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́.

Ó wá ku odó. Ẹ gún un kúnná bí iyán. Koríko omi nìkan kì í lágbára tó, nítorí náà ẹ rẹ ìwé àtijọ́ sómi, kí ẹ gún un mọ́ ọn.

Ẹ dà á sínú agbada omi, ẹ rò ó pọ̀ bí ògì. Ẹ kan igi mẹ́rin pọ̀, ẹ na aṣọ asẹ́ ògì lé e gbọingbọin. Ẹ rì í sínú omi náà, ẹ gbé e sókè pẹ̀lẹ́, kí ó má dagun. Omi yóò ro dànù, okùn koríko yóò sì kù lórí aṣọ. Ẹ dojú rẹ̀ dé orí aṣọ gbígbẹ, ẹ fi aṣọ mìíràn bò ó, ẹ gbé òkúta lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a sóòrùn.

Kì í funfun bí èyí tí a rà, ó sì máa ń rí ṣákaṣàka. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí tàdáwà bá ń tàn lórí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀kọ mímu tó ṣàn pa á lára, kí ó tún gbẹ.

Àwọn ìwé ìtàn Ṣáínà sọ pé ní ọdún 105, Cai Lun fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ẹja tó ti gbó ṣe tákàdá fún ọba.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí àwọn apẹja kò fẹ́ koríko yìí?
2. Apá wo lára koríko náà ni a fi ń ṣe tákàdá?
3. Ta ni yóò se koríko nínú omi eérú? Kí nìdí?
4. Dárúkọ ewéko méjì tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.
5. Koríko wo ló pọ̀ jù ní àyíká ilé yín? Béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.