Ogún ìlà lára ògiri

Ẹni tó ń lọ kọ ebè ní oko máa ń ka ebè rẹ̀. Bí ó bá kọ 10, ó mọ̀ pé 10 ni òun kọ. Ó sì mọ èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ rí.

Ọmọdébìnrin kan ní Kétu máa ń sọ pé: «Mo fẹ́ mọ ìwé kà dáadáa.»

Ìyá àgbà rẹ̀ bi í pé: «Báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé o ti ń mọ̀ ọ́n?»

Ọmọ náà dákẹ́.

Ìyá àgbà ní: «Èmi ò mọ̀wé. Ó ku 20 ọjọ́ kí n lọ sí Àjàṣẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ìtàn inú ìwé rẹ kí n tó lọ.»

Ọmọ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ka ojú ewé rẹ̀. Ó jẹ́ 20. Ojú ewé 1 lójúmọ́ nìyẹn! Ó mú èédú, ó ní: «Ojú ewé tí mo bá kà láìṣe àṣìṣe ni n ó fa ìlà fún lára ògiri.»

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn. Kò fa ìlà. Ní ọjọ́ keje, ó ṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kà.

Àbúrò rẹ̀ ní: «Fà á, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.»

Ó dáhùn pé: «Èmi á mọ̀. Ìyá àgbà náà á mọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá kà á.»

Ní ọjọ́ kẹwàá, ìlà 8 ló rí. Ojú ewé 12 ló kù, ọjọ́ 10 ló sì kù. Kò sunkún. Ó yan ọjọ́ 2 tí kò sí ilé-ìwé, ó ka ojú ewé 2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ní alẹ́ ogúnjọ́, ìlà pé 20. Ìyá àgbà jókòó lórí ẹní. Ọmọ náà ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní: «O ṣeun, ọmọ mi. Èmi náà ti rí ìtàn tí n ó sọ ní Àjàṣẹ́.»

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí ọmọ náà kò fa ìlà ní ọjọ́ keje?
2. Ìlà mélòó ni ó yẹ kó wà lára ògiri ní ọjọ́ kẹwàá? Mélòó ló dín?
3. Kí ni ìwọ fẹ́ mọ̀ kí oṣù yìí tó parí? Kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì máa fa ìlà.