SẸ́PSÌSÌ LÁRA ỌMỌ TUNTUN

Ọpẹ́ ni fún Allāhu tó fi ọmọ jíǹkí wa. Ẹ̀yin òbí wa ní Akútè, ẹ jẹ́ kí a kọ́ nípa àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní sẹ́psìsì. Kòkòrò lè gba ojú ìwọ́ tàbí ẹ̀dọ̀fóró wọ ara ọmọ. Bí ara bá ń bá a jà, ìjà náà a máa ba ara fúnra rẹ̀ jẹ́.

Àmì rẹ̀ lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì:
1. Kò mu ọmú dáadáa mọ́.
2. Ara rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 38, tàbí ó tutù kọjá 35.5.
3. Àyà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí.
4. Kò mira àfi tí a bá fọwọ́ kàn án.
5. Gìrì mú un.

Ara tútù kì í ṣe àlàáfíà o! Ọ̀kan péré tó láti sáré gbé e lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Ẹ má fi àgbo dánra wò. Ẹ má dúró de ọjọ́ súnà.

Bí ọ̀nà ọsibítù kò bá ṣeé ṣe ńkọ́? Láti 2011 sí 2013, a ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Zaria, àti ní Kenya àti Kóńgò. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015: fún ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò tíì le jù, abẹ́rẹ́ gentamicin pẹ̀lú amoxicillin mímu ṣiṣẹ́ bí abẹ́rẹ́ méjì lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méje. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ni èyí, kì í ṣe ti kẹ́míìsì.

Ìbéèrè: Ẹ ka àmì márùn-ún náà fún ìyá yín nílé.

Kí Allāhu dá àwọn ọmọ wa sí. Āmīn.